Bí Ìyẹ́ Abẹ́ Omi Bá Họ Mọ́ Ọmọ Lọ́wọ́

Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa wà léwe, bọ́ọ̀lù ni olórí ohun ìṣeré tí ó ń bàjẹ́ mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Bí ó bá bẹ́, ọ̀dọ̀ fọ́kánáísà ni a ń gbé e lọ. Wọn a lẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ a sì parí. Àwọn ọmọ tí a ń tọ́ níhìn-ín ti ń gbé ohun mìíràn wọlé. Ní àwọn ìlú etí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú Poole àti Portsmouth, kì í ṣe ohun àjèjì mọ́ pé kí ọmọ ọdún 13 tàbí 14 dúró lórí pákó tí kò fara kan omi rárá, kí ó di ìgbòkun kékeré kan mú lọ́wọ́, kí ó sì máa fò lọ bí ẹyẹ òkun. Àwọn ọmọ Yorùbá wà lára wọn, bí wọn kò tilẹ̀ pọ̀. Àwọn òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lónìí, àti àwọn tí ọmọ wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó ti ń bẹ̀ wọ́n.

Ohun tí ó ń gbé pákó náà sókè ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní hydrofoil, tí àwọn ọmọ sì ti gé kúrú sí fọ́ìlì. Òpó kan tí gígùn rẹ̀ sábà máa ń wà láàrin 70 sí 90 sẹ̀ntímítà sọ̀ kalẹ̀ láti abẹ́ pákó. Ọ̀pá kan dábùú ní ìsàlẹ̀ òpó náà. Ìyẹ́ ńlá wà níwájú ọ̀pá ọ̀hún, ìyẹ́ kékeré wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí pákó bá ti ń sáré, omi tí ó ń gba òkè àti abẹ́ ìyẹ́ kọjá a máa gbé e sókè, gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ ti ń gbé ọkọ̀ òfuurufú. Omi wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 800, ìdí nìyí tí ìyẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ fi lè gbé odidi ènìyàn.

Ọgbọ́n náà kì í ṣe tòní. Enrico Forlanini, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, dán ọkọ̀ oníyẹ̀ẹ́ wò lórí adágún Maggiore ní 1906. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1919, ọkọ̀ HD-4 tí Alexander Graham Bell, ẹni tí a mọ̀ mọ́ tẹlifóònù, ṣe pẹ̀lú Casey Baldwin sáré ju 70 máìlì lọ ní wákàtí kan lórí adágún Bras d'Or ní Nova Scotia, ilẹ̀ Kánádà. Ohun tí ó wá yí ọ̀ràn náà padà ni kábọ́ọ̀nù. Ní 1963, àwọn onímọ̀ tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà síṣẹ́ ní Farnborough rí ọ̀nà tí a fi ń ṣe fọ́nrán kábọ́ọ̀nù tí ó lágbára gidi. Irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀ ni a ń hun bí aṣọ, tí a ń fi oje tí a ń pè ní epoxy rin, tí a sì ń tò ní ìpele ìpele títí yóò fi gan. Òun ni ó jẹ́ kí ìyẹ́ fúyẹ́ tó kí ọmọdé fi ọwọ́ kan gbé e, kí ó sì le tó kí ó má tẹ̀ nínú omi. Nígbà tí Ellie Aldridge gba wúrà fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Òlíḿpíìkì 2024, nínú ìdíje tí wọ́n ṣe ní Marseille, orí irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó dúró. Bí ọmọ yín bá lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ ti mọ ibi tí ó ti wá.

Òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn ọmọ àti ìdílé ni mí. N kì í ṣe awakọ̀ ojú omi, n kò sì ta pákó rí. Ẹjọ́ kan tí ó dé iwájú wa ni ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ ìyẹ́ yìí, mo sì ti yí gbogbo ohun tí a fi lè dá ìdílé náà mọ̀ padà kí n tó kọ ọ́ síbí. Ọmọkùnrin wọn, ọmọ ọdún 15, yá fọ́ìlì lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ojú omi kan. Òkun ń fà sẹ́yìn lọ́jọ́ náà, omi kò jìn mọ́, ìyẹ́ iwájú sì gbá òkúta. Nígbà tí ó gbé e jáde, ó rí i pé etí rẹ̀ ti bó níbi kan tí kò tóbi ju èékánná ọmọ ìka lọ, ìlà mẹ́ta sì ti họ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọmọ náà mọ̀ pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́n-ùn ni wọ́n ń ta irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì mọ bí bàbá rẹ̀ ti ń ti ibi iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn kí owó ilé tó pé. Ó dákẹ́. Ó gbé ìyẹ́ náà wálé nínú àpò, ó ní òun fẹ́ fọ̀ ọ́. Ó fi owó àpò rẹ̀ ra sáńpépà àti ìgò oje méjì.

Lálaalẹ́, bí àwọn òbí bá ti lọ síbi iṣẹ́ òru, a ti fèrèsé pa kí aládùúgbò má baà gbọ́ ìró, a sì máa fi sáńpépà gbígbẹ ha ìyẹ́ náà nínú yàrá tí òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń sùn. Àbúrò náà jẹ́ ọmọ ọdún 7, ó sì ní ikọ́ fée. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ilé ẹ̀kọ́ àbúrò fi pè wá pé ikọ́ ọmọ náà ti le jù, pé ó sì ń sọ̀rọ̀ nípa eruku dúdú tí ẹ̀gbọ́n òun ń gbọ̀n lóru. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, nọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀gbọ́n pè pé ara ọmọkùnrin náà ti sú láti ọrùn-ọwọ́ títí dé ìgúnpá. Ìpè méjèèjì pàdé lórí tábìlì wa. Kíkéré l'abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Mo mọ bí àyà ti ń já ọ̀pọ̀ nínú yín bí ẹni bí tèmi bá kan ilẹ̀kùn. Ìyá ọmọ náà kò tilẹ̀ tíì fún mi ní ìjókòó tí ó fi béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé ẹ wá kó àwọn ọmọ mi lọ ni?" Rárá o. Ọbẹ̀ wà lórí iná, iṣẹ́ àṣetiléwá wà lórí tábìlì, oògùn ikọ́ fée àbúrò wà ní àyè rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó sọnù nínú ilé náà ni pé ẹ̀rù kò jẹ́ kí ọmọ sọ pé nǹkan ti bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. A kò kó ọmọ kankan lọ. A ṣí fèrèsé, a kó ìyẹ́ náà jáde, a sì jókòó sọ̀rọ̀.

Ewu inú eruku àti inú oje

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti eruku ná, nítorí òun ni ojú kì í tètè rí. Fọ́nrán kábọ́ọ̀nù kan ṣoṣo tín-ín-rín ju irun orí lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Bí sáńpépà bá ha á, ó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó ń fò sínú afẹ́fẹ́, kì í sì í balẹ̀ kíákíá. Ó ń yún ara, ó ń ta ojú, ó ń rin imú àti ọ̀nà ọ̀fun. Oje tí ó ti gan pàápàá ń di eruku pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ tí ó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ sí nítòsí rárá, nítorí irú eruku bẹ́ẹ̀ tó láti gbé àìsàn náà dìde. Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ òbí kò gbọ́ rí ni pé kábọ́ọ̀nù ń gbé iná mànàmáná kọjá: eruku rẹ̀ tí ó bá wọ inú kọ̀ǹpútà tàbí inú ihò iná ara ògiri lè mú kí iná gba ibi tí kò yẹ kí ó gbà. Nítorí náà, yàrá ibùsùn, pálọ̀ àti ilé ìdáná kì í ṣe ibi iṣẹ́ yìí, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún péré.

Ìta gbangba ni kí wọ́n ti ṣe é, tàbí lábẹ́ àtíbàbà tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Sáńpépà dúdú tí a ń lò pẹ̀lú omi ni kí wọ́n rà, kí wọ́n sì máa rì í bọ omi lemọ́lemọ́. Omi ni ó ń de eruku mọ́lẹ̀. Ìbòmú aláṣọ tí a lò nígbà àrùn kòrónà ní 2020 kò tó fún èyí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbòmú tí wọ́n kọ FFP3 sí lára ni kí ẹ béèrè. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, N95 tàbí, èyí tí ó dára jù, P100. Kí ó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa. Kí ọmọ wọ awò tí ó bo ẹ̀gbẹ́ ojú. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ má ṣe fi ìgbálẹ̀ gbá eruku náà ní gbígbẹ. Ẹ fi àkísà tútù nù ún, ẹ sì dì í sínú ọ̀rá. Kí ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ náà síta kí ó tó wọlé, kí a má sì fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ àwọn yòókù, pàápàá jù lọ aṣọ ìkókó.

Oje epoxy ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀ràn ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ìgò méjì ni: oje nìyí, amúle nìyí, èyí tí ń mú oje gan. Amúle lè jó ara. Ṣùgbọ́n ohun tí ó burú jù lọ nínú wọn ni pé ara lè sọ wọ́n di èèwọ̀. Ọmọ lè fi ọwọ́ kan oje tútù lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ohunkóhun má ṣe é. Ní ọjọ́ kan, ara a kọ̀ ọ́: a sú, a yún, a wú, nígbà mìíràn títí dé ìpéǹpéjú. Láti ọjọ́ náà lọ, ìwọ̀nba kékeré pàápàá a máa dá a padà, kì í sì í tán lára. Ẹ rò ó wò. Epoxy ni wọ́n ń lò nínú iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, nínú iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, nínú iṣẹ́ ilẹ̀ dídán àti ọ̀dà. Ọmọ ọdún 15 tí ó bá sọ ọ́ di èèwọ̀ fún ara rẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ lójú kí ó tó mọ iṣẹ́ tí òun yóò ṣe.

Ìbọ̀wọ́ tí a fi nitrile ṣe ni kí ó wọ̀, kì í ṣe ti latex tí oje tètè ń là kọjá. Bí oje bá kàn án, kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Bí oje bá kan ara, ọṣẹ àti omi ni oògùn rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ásítónì tàbí tínà nù ún kúrò lára, nítorí ńṣe ni ìyẹn ń sin oje wọ inú awọ ara. Ní ti ọmọkùnrin tí mo ń sọ ìtàn rẹ̀, dókítà ti sọ fún un pé kí ó má tún sún mọ́ oje tútù mọ́. Nítorí náà, bí a ó bá tún ìyẹ́ náà ṣe, ọwọ́ ẹlòmíràn ni yóò po oje.

Èyí tí a lè tún ṣe, èyí tí a kò gbọdọ̀ dán wò

Kí ẹnikẹ́ni tó mú sáńpépà, kí ó fi omi tí kò níyọ̀ fọ ìyẹ́ náà, kí ó jẹ́ kí ó gbẹ, kí ó sì gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Kí ó fi èékánná fa orí ìlà tí ó họ. Bí èékánná bá yọ̀ kọjá láìkọ́, ojú dídán òkè nìkan ni ó bó. Ẹ fi sílẹ̀. Èrò mi nìyí, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ: ọ̀pọ̀ nínú àpá tí ń gba oorun lójú àwọn ọmọ wọ̀nyí kò nílò ohunkóhun. Ẹni tí ó ń bá àgbáyé díje lè ka ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń yí padà láìṣubú kò ní mọ ìyàtọ̀, ìyẹ́ pàápàá kò ní sọ fún un.

Bí èékánná bá kọ́, tàbí bí etí bá ti ṣẹ́ díẹ̀ kúrò, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Etí iwájú ni omi ti ń kọ́kọ́ pín sí méjì, nítorí náà ọgbẹ́ kékeré níbẹ̀ ń da ìṣàn omi rú ju ọgbẹ́ ńlá ní àárín lọ. Etí ẹ̀yìn tinrin bí abẹ. Bí ó bá ya, ó lè máa hun nínú omi bí fèrè, ó sì lè gé ọmọ lẹ́sẹ̀ nígbà tí ó bá ṣubú. Fọ́nrán tí ó yọ síta níbẹ̀ a máa gún ọwọ́ bí ẹ̀gún, ó sì ṣòro láti yọ, nítorí ó ń ṣẹ́ sínú ara. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ibi tí fọ́nrán bá ti hàn ni omi iyọ̀ ń gbà wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Irú kẹta ni ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kàn nílé. Ẹ mú owó ẹyọ kan, ẹ fi kan ìyẹ́ náà jẹ́jẹ́ láti ibi tí ó dá ṣáṣá lọ síbi tí ó farapa. Ibi tí ó yè ń dún gan-an, ibi tí ìpele ti ya kúrò lára ìpele ń dún bòm̀ bí ìlù tí awọ rẹ̀ rọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ìyẹn, tàbí tí àtàǹpàkò bá tẹ ibẹ̀ tí ó rọ̀, tàbí tí omi ń yọ jáde lẹ́yìn tí ó ti gbẹ, tàbí tí ìlà kan sán gba ìbú ìyẹ́ kọjá, ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó lọ. Bákan náà ni gbogbo ìlà tí ó sún mọ́ ihò bóòtì, níbi tí ìyẹ́ ti so mọ́ ọ̀pá, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo agbára ń kójọ sí. Ìyẹ́ tí ó bá ṣẹ́ lábẹ́ ọmọ nígbà tí ó ń sáré ogún máìlì ní wákàtí kan ń gbé e ṣubú lójijì, pákó àti etí mímú sì ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí owó tí a lè rí níbẹ̀ tí ó tó ìyẹn.

Bàbá, ọmọ àti bọ́ọ̀dì-fílà

Ti ọmọkùnrin wa jẹ́ irú kejì. Owó ẹyọ dún gan-an yíká rẹ̀. Èyí ni ó sì mú kí ohun tí n kò retí ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ kíkun mọ́tò ni bàbá rẹ̀ kọ́ ní Mushin kí ó tó ré òkun kọjá, kò sì tíì ṣe é fún ogún ọdún. Nígbà tí ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tán, ó dìde, ó lọ sínú àtíbàbà ẹ̀yìnkùlé, ó sì gbé agolo bọ́ọ̀dì-fílà jáde. Ó ní iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni.

Ọmọ náà ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, èyí kò ní lẹ̀ mọ́ ọn o."

Bàbá rẹ̀ wò ó. "Ta ló kọ́ ọ? Ọdún mélòó ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí kí a tó bí ọ?"

Ọmọ náà ni ó tọ̀nà. Oje inú bọ́ọ̀dì-fílà mọ́tò kì í ṣe epoxy, polyester ni. Kì í sì í lẹ̀ dáadáa mọ́ epoxy tí ó ti gan. Yàtọ̀ sí èyí, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi mú un ki a máa fa omi mu. Ara ilẹ̀kùn mọ́tò ni ó ti wúlò. Ní abẹ́ òkun, yóò ṣí kúrò. Ọmọ náà mú ìwé tí ó bá oje rẹ̀ wá, ó kà á sókè, bàbá rẹ̀ sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gba sáńpépà lọ́wọ́ ọmọ, ó wo ibi tí ọmọ ti ń ha lóru fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì fi ìka tọ́ ọ pé, "Wò ó, ìka ni o fi ń tẹ̀ ẹ́. O ti jẹ kòtò síbẹ̀." Ó wé sáńpépà náà mọ́ igi pẹlẹbẹ kékeré kan, ó sì fi hàn án bí a ti ń jẹ́ kí ọwọ́ tẹ̀lé yíyọ́ ìyẹ́ láìtẹ̀ ẹ́ jù. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, mo sì padà wá lọ́jọ́ kejì láti rí bí ó ti rí.

Bí wọ́n ti ṣe é nìyí. Bàbá fi ọ̀bẹ kékeré gé gbogbo ohun tí ó ti tú kúrò létí ọgbẹ́ náà. Ó fi sáńpépà 180 àti omi ha inú rẹ̀ àti nǹkan bí sẹ̀ntímítà méjì yíká rẹ̀ títí dídán fi kúrò, nítorí oje kì í di ibi dídán mú. Wọ́n fi omi ṣàn án, wọ́n sì jẹ́ kí ó gbẹ dénú. Epoxy kì í lẹ̀ mọ́ ibi tútù. Wọ́n fi aṣọ funfun tí a rẹ sínú ọtí isopropyl nù ún, láti ìgbà náà kò sí ẹni tí ó fi ọwọ́ lásán kàn án mọ́, nítorí ọ̀rá ìka. Nítorí pé etí ni ó ti ṣẹ́, wọ́n lẹ téèpù tí ń dán mọ́ abẹ́ rẹ̀ kí ó lè dúró bí odi, kí oje má baà ṣàn lọ.

Ní ti pípo oje, ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ìyá. Èyí kì í ṣe èlùbọ́ tí a ń fi ojú wọ̀n. Iye amúle tí ó yẹ kí ó bá oje wà lára ìgò, ó sì yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ aṣeoje kan sí òmíràn: ìdajì ni ti àwọn kan, ìdá márùn-ún ni ti àwọn mìíràn. Ẹni tí ó bá fi amúle kún un kí ó lè tètè gan yóò rí i pé kò ní gan dáadáa láéláé. Ìwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn ìyẹ̀fun àkàrà òyìnbó ni bàbá fi wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n ìyá ti sọ pé kò gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná mọ́, ó sì tọ̀nà. Bàbá wọ ìbọ̀wọ́, ó fi igi rò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ń ha ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ ife náà. Ó da ìyẹ̀fun silica sí i díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìbòmú lójú, títí tí oje náà kò fi ṣàn mọ́ bí a bá fi igi gbé e sókè, ó sì fi àwọ̀ dúdú díẹ̀ kún un. Ó tẹ̀ ẹ́ wọ inú ọgbẹ́ náà kí afẹ́fẹ́ má baà ha sábẹ́ rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ó ga ju ara ìyẹ́ lọ díẹ̀. Ọmọ náà dúró lókèèrè, ó ń pàṣẹ.

Òtútù ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí. Nǹkan bí 20 ní ìwọ̀n Celsius ni oje fẹ́. Bí ó bá lọ sísàlẹ̀ 10, púpọ̀ nínú wọn kò ní ṣe nǹkan kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é ní oṣù kìíní ní ilẹ̀ yìí yóò dúró títí yóò fi sú u. Bí ó bá gbóná tó, ó sábà máa ń gan tó láti ha lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ó di bí ọ̀sẹ̀ kan kí agbára rẹ̀ tó pé. Lọ́jọ́ kejì náà, ohun kan tí ń yọ̀ bí ọ̀rá lè wà lójú rẹ̀. Omi àti kànrìnkàn ni a fi ń fọ̀ ọ́ kúrò kí a tó mú sáńpépà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ńṣe ni yóò dí i.

Ọmọ náà ni ó ha á, pẹ̀lú ìbòmú, ìbọ̀wọ́ àti omi, ní ìta: 240, lẹ́yìn náà 400, lẹ́yìn náà 600. Àwọn mìíràn a máa lọ títí dé 1000 kí ó lè dán; ẹwà ni ìyẹn. Ibi tí ọgbọ́n wà ni mímọ ìgbà tí a ó dáwọ́ dúró. Bí oje tuntun bá ti bá ara ìyẹ́ dọ́gba, ó tó, nítorí gbogbo ohun tí a bá ha lẹ́yìn náà fọ́nrán rere ni. Bàbá kọ́ ọ ní ọgbọ́n kan tí inú mi dùn sí. Apá ọ̀tún àti apá òsì ìyẹ́ bára mu; nítorí náà ó gé páálí kan kí ó bá etí ibi tí kò farapa mu, ó yí páálí náà padà, ó sì gbé e lé ibi tí wọ́n tún ṣe. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ láàrin páálí àti ìyẹ́, ibẹ̀ ni iṣẹ́ kù sí.

Mo ti gbọ́ pé àwọn kan ń kán gúlúù kíákíá sínú ọgbẹ́ tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ, kí wọ́n lè padà sínú omi lọ́jọ́ náà. Kò burú fún ìgbà díẹ̀, bí etí kò bá ti mú mọ́.

Sísọ fún ẹni tí ó ni ín

Ìyẹ́ náà kì í ṣe tiwọn. Bàbá kọ́kọ́ rò pé kí wọ́n dá a padà láìsọ̀rọ̀, níwọ̀n ìgbà tí ojú kò ti lè rí àpá rẹ̀ mọ́. Ìyá kọ̀. Mo gbà pẹ̀lú ìyá, kì í sì í ṣe nítorí ìwà rere nìkan. Ọmọ mìíràn ni yóò gun ìyẹ́ náà lọ́la, ẹni tí ó ni ín sì yẹ kí ó mọ ibi tí ó yẹ kí ojú rẹ̀ máa wà. Bàbá àti ọmọ jọ lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọmọ ni ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Olùkọ́ wọn yẹ ìyẹ́ náà wò, ó fi owó ẹyọ kàn án, ó fi ìka tọ etí rẹ̀, ó sì béèrè lọ́wọ́ bàbá bóyá yóò lè wá wo ìyẹ́ méjì mìíràn tí ó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí wọn. Wọ́n ní kí ọmọ náà wá fi Àbámẹ́ta mẹ́rin fọ ohun èlò fún yíyá tí ó yá ohun tí ó bàjẹ́ tí kò sì sọ. Ó fọ̀ wọ́n. Ikọ́ àbúrò rẹ̀ rọlẹ̀ nígbà tí eruku kúrò nínú yàrá. Ara ẹ̀gbọ́n ti jọ́, ṣùgbọ́n oje tútù ṣì jẹ́ èèwọ̀ fún un.

Kí ọmọ yín tó yá irú ohun èlò bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ náà fúnra yín, kí ẹ sì béèrè ta ni yóò sanwó bí ó bá bàjẹ́. Kí ọmọ wà níbẹ̀ kí ó gbọ́ èsì. Ìdajì ẹ̀rù tí mo rí nínú ilé yẹn ì bá má sí bí ọmọ náà bá ti mọ̀ ṣáájú.

Ó ku ìtọ́jú. Bí wọ́n bá ti jáde nínú òkun, kí wọ́n tú bóòtì, kí wọ́n fi omi aláìníyọ̀ ṣàn ìyẹ́ àti òpó. Bí òpó bá jẹ́ alumíníọ́mù tí ìyẹ́ sì jẹ́ kábọ́ọ̀nù, omi iyọ̀ tí ó bá dúró láàrin méjèèjì a máa jẹ alumíníọ́mù náà títí wọn yóò fi há mọ́ ara wọn; gírísì tí a ṣe fún ohun èlò inú omi ni kí wọ́n fi pa ojú bóòtì kí wọ́n tó dè é padà. Kí ìyẹ́ wà nínú àpò rẹ̀ nígbà tí ó bá wà nínú mọ́tò, nítorí ibẹ̀ àti lórí òkúta etí òkun ni púpọ̀ nínú wọn ti ń họ, kì í ṣe nínú omi.

Oje tí ó bá kù nínú ife, ẹ má ṣe dà á sínú ihò omi. Bí ó bá pọ̀ nínú ife kan, ó lè gbóná títí yóò fi rú èéfín, nítorí náà ẹ dà á pẹrẹsẹ sórí páálí ní ìta, kí ó gan, kí ẹ tó jù ú sínú ìdọ̀tí. Ìgò méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, kí ìdérí wọn le, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí wọn sára wọn.